Àṣìṣe Tí Kì Í Ké: Ta Ni Yóò Yẹ Àtẹ Ìṣeéṣe Wò?

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Bí òwe yìí ṣe bá ọmọ ènìyàn mu, bẹ́ẹ̀ náà ni ó bá nọ́ńbà inú kọ̀ǹpútà mu. Nọ́ńbà tí orúkọ rẹ̀ ti sọnù dà bí ẹṣin tí kò ní ìjánu: ibi tí ó bá wù ú ni yóò gbé ẹni tí ó gùn ún lọ, ẹni náà yóò sì rò pé ibi tí òun fẹ́ dé ni òun dé.

Èrò kan ti gbilẹ̀ láàárín ọ̀pọ̀ olùkọ́ èdè. Wọ́n gbà pé iṣẹ́ tiwọn parí nígbà tí wọ́n bá ti kó ọ̀rọ̀ jọ, tí wọ́n ti fi àmì ohùn sí i, tí wọ́n sì ti gbé e lé àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí, wọn a jókòó, wọn a máa retí èsì. Bí èsì náà bá jọ òótọ́, wọn a pàtẹ́wọ́. Bí kò bá jọ òótọ́, wọn a ní àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà kò gbọ́ èdè. Èrò yìí kò tọ̀nà, ó sì léwu. Nínú ètò kọ̀ǹpútà tí ó ń fi ìṣeéṣe ṣe ìpinnu, àwọn àṣìṣe tí ó burú jù kì í ṣe àṣìṣe ìṣirò. Àṣìṣe orúkọ àti ètò ni wọ́n. Kọ̀ǹpútà kì í ké nígbà tí wọ́n bá ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ó bá ti mọ ohun tí ó yẹ kí ìdáhùn jẹ́ ṣáájú ni ó lè mú wọn. Ní ti èdè, olùkọ́ èdè ni ẹni náà. Wíwá àṣìṣe inú irú kóòdù bẹ́ẹ̀ jẹ́ ara iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe àánú tí ó ń ṣe fún ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ Mẹ́ta Tí Gbogbo Ìyókù Dúró Lé Lórí

Àwòṣe ìṣeéṣe tí wọ́n ń fi àwòrán ìsopọ̀ hàn, tí àwọn onímọ̀ mọ̀ sí probabilistic graphical models, kì í ṣe ohun àná. Ní ọdún 1988 ni Judea Pearl tẹ ìwé rẹ̀, Probabilistic Reasoning in Intelligent Systems, jáde. Ní ọdún yẹn kan náà ni Lauritzen àti Spiegelhalter fi hàn bí wọ́n ṣe lè fọ́ ìṣirò ńlá sí wẹ́wẹ́ lórí irú àwòṣe bẹ́ẹ̀. Daphne Koller àti Nir Friedman gbé ìwé ńlá tiwọn jáde ní 2009. Nígbà tí Koller gbé ẹ̀kọ́ náà sórí Coursera ní 2012, ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ kóòdù fún iṣẹ́ mẹ́ta kan lórí ohun tí wọ́n ń pè ní factor.

Àtẹ ni factor. Apá mẹ́ta ni ó ní. Apá kìíní ni orúkọ àwọn oníyípadà, èyí ni àwọn ohun tí kò tíì dájú. Apá kejì ni iye àṣàyàn tí oníyípadà kọ̀ọ̀kan ní. Apá kẹta ni àwọn nọ́ńbà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn dúró fún ọ̀nà kan tí àwọn àṣàyàn náà lè gbà pàdé. Iṣẹ́ kìíní ni láti sọ àtẹ méjì di púpọ̀ lára ara wọn. Iṣẹ́ kejì ni láti ro nọ́ńbà pọ̀ kí oníyípadà kan lè kúrò nínú àtẹ. Iṣẹ́ kẹta ni láti gba ẹ̀rí wọlé, kí gbogbo ohun tí ó tako ẹ̀rí náà sì di òdo.

Ìsọdipúpọ̀ àti ìròpọ̀ nìkan ni gbogbo èyí. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ méjèèjì. Níbo wá ni ìṣòro wà? Ìṣòro wà nínú bí kọ̀ǹpútà ṣe ń tọ́jú àtẹ. Lójú ènìyàn, àtẹ ní ìlà àti òpó, orúkọ sì wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú kọ̀ǹpútà, àwọn nọ́ńbà tò lẹ́yìn ara wọn lórí ìlà kan ṣoṣo, bí èrò tí ó tò sídìí ẹ̀rọ ìpọnmi. Ipò tí nọ́ńbà kan wà lórí ìlà nìkan ni ó ń sọ ohun tí nọ́ńbà náà dúró fún. Bí ẹni tí ó tò wọ́n àti ẹni tí ó ń kà wọ́n kò bá fi ẹnu kò lórí bí wọ́n ṣe tò, nọ́ńbà kò yí padà, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn.

Àìfẹnukò yìí kì í ṣe àbá lásán. Nínú ètò tí wọ́n ń lò pẹ̀lú Octave nínú ẹ̀kọ́ Koller, oníyípadà àkọ́kọ́ ni ó ń yára yí jù lórí ìlà. Nínú NumPy, bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ pé kí ó ṣe òmíràn, oníyípadà ìkẹyìn ni ó ń yára yí jù. Ẹni tí ó bá gbé àtẹ láti ibì kan lọ sí ibì kejì láìyẹ̀ ẹ́ wò ti ju orúkọ nù sójú ọ̀nà.

Owó Ọkọ̀ àti Ọwọ́ Ọkọ

Ọ̀rọ̀ yìí kan èdè gbọ̀ngbọ̀n. Bí ẹnì kan bá tẹ ọ̀rọ̀ Yorùbá láìfi àmì sí i, ètò tí yóò dá àmì náà padà gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ọ̀ràn náà kò yọ àwọn èdè aládùúgbò sílẹ̀. Akwa nínú èdè Ìgbò lè jẹ́ ẹkún, aṣọ, ẹyin tàbí ibùsùn. Gari nínú àkọtọ́ Haúsá lè jẹ́ ìlú tàbí ìyẹ̀fun. Níbi tí àkọtọ́ bá ti dákẹ́, ìṣeéṣe ni ètò kọ̀ǹpútà yóò fi dáhùn.

Ká ní ọ̀rọ̀ méjì wà tí kò ní àmì: owo oko. Ká ní ọ̀rọ̀ kìíní lè jẹ́ owó tàbí ọwọ́, kí ọ̀rọ̀ kejì sì lè jẹ́ ọkọ̀ tàbí ọkọ. Àwọn nọ́ńbà tí ó tẹ̀lé e yìí wà fún àpẹẹrẹ nìkan. Factor kìíní fún owó ní 0.6, ó fún ọwọ́ ní 0.4. Factor kejì sọ pé bí ọ̀rọ̀ kìíní bá jẹ́ owó, ọkọ̀ gba 0.7, ọkọ gba 0.3, bí ó bá sì jẹ́ ọwọ́, ọkọ̀ gba 0.1, ọkọ gba 0.9.

Ìsọdipúpọ̀ wọn kò le. Owó ọkọ̀ jẹ́ 0.42, owó ọkọ jẹ́ 0.18, ọwọ́ ọkọ̀ jẹ́ 0.04, ọwọ́ ọkọ jẹ́ 0.36. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 1. Bí ẹnì kan bá wá ro ọ̀rọ̀ kìíní pọ̀ kí ó lè kúrò, ọkọ̀ yóò ní 0.46, ọkọ yóò sì ní 0.54. Ìyẹn ni òótọ́ àpẹẹrẹ yìí, bébà àti bírò sì tó láti dé ibẹ̀.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé ẹni tí ó kọ factor kejì to nọ́ńbà rẹ̀ báyìí: 0.7, 0.3, 0.1, 0.9. Ọ̀rọ̀ kejì ni ó jẹ́ kí ó yára yí. Kóòdù tí ó gba àtẹ náà gbà pé ọ̀rọ̀ kìíní ni ó ń yára yí. Nítorí náà, 0.3 tí ó jẹ́ ti owó ọkọ di ti ọwọ́ ọkọ̀, 0.1 tí ó jẹ́ ti ọwọ́ ọkọ̀ sì di ti owó ọkọ. Lẹ́yìn ìsọdipúpọ̀, owó ọkọ̀ jẹ́ 0.42, owó ọkọ jẹ́ 0.06, ọwọ́ ọkọ̀ jẹ́ 0.12, ọwọ́ ọkọ jẹ́ 0.36.

Kọ̀ǹpútà kò ké. Kò sí ìkìlọ̀ kankan. Bí wọ́n bá béèrè odidi àpólà tí ìṣeéṣe rẹ̀ ga jù, kóòdù tí ó tọ̀nà àti èyí tí ó wọ́ yóò jọ dáhùn pé owó ọkọ̀ ni, pẹ̀lú 0.42 kan náà. Bí ẹ̀rí bá wà pé ọkọ ni ọ̀rọ̀ kejì, àwọn méjèèjì yóò yan ọwọ́. Bí ẹ̀rí bá sọ pé ọkọ̀ ni, àwọn méjèèjì yóò yan owó. Ìgbà tí wọ́n bá béèrè nípa ọ̀rọ̀ kejì nìkan ni àṣírí tú. Kóòdù tí ó tọ̀nà sọ pé ọkọ ni, pẹ̀lú 0.54. Kóòdù tí ó wọ́ sọ pé ọkọ̀ ni, pẹ̀lú 0.54. Nọ́ńbà kan náà, orúkọ ọ̀tọ̀.

Àwíjàre Àwọn Tí Kò Fẹ́ Yẹ̀ Ẹ́ Wò

Àwíjàre kìíní ni pé ètò náà ṣiṣẹ́, nítorí náà ó tọ̀nà. Àpẹẹrẹ òkè yìí ti dáhùn. Kí ètò ṣiṣẹ́ já sí pé kọ̀ǹpútà lóye ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe; kò já sí pé ohun tí wọ́n ní kí ó ṣe ni ohun tí wọ́n fẹ́.

Àwíjàre kejì ni pé máàkì rẹ̀ ga. Àwọn tí ó ń sọ èyí á fi ètò náà dán ọ̀rọ̀ púpọ̀ wò, wọn á ka iye tí ó gbà, wọn á sì fi iye náà yangàn. Ṣùgbọ́n nínú ìbéèrè mẹ́rin tí wọ́n bi kóòdù tí ó wọ́ lókè yìí, mẹ́ta ni ó dáhùn dáadáa. Máàkì kò lè ya ohun tí ó mọ̀ọ́ ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó ṣe kòńgẹ́. Èyí tí ó tún burú jù ni pé bí máàkì bá lọ sílẹ̀ díẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kó jọ ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ náà kò tó, wọ́n á ní àmì ohùn tí àwọn olùkọ́ fi sí i kò péye. Olùkọ́ èdè a padà sídìí iṣẹ́, a tún kó ọ̀rọ̀ sí i, nígbà tí ó jẹ́ pé ìlà kan nínú kóòdù ni ó ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Àwíjàre kẹta ni pé iṣẹ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà ni. Òótọ́ ni pé òun ni yóò tún ìlà kóòdù náà kọ. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ó yẹ kí ó tún un kọ? Lójú ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, owó ọkọ àti ọwọ́ ọkọ̀ jẹ́ àmì lásán. Bí 0.3 bá lọ jókòó sórí ọwọ́ ọkọ̀, kò sí ohun tí yóò ta á lára. Olùkọ́ èdè ni yóò wò ó tí yóò béèrè pé kí ló gbé ọwọ́ ọkọ̀ ga ju owó ọkọ lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tí ó bá sọ pé ìṣirò kò yẹ olùkọ́ Yorùbá ti gbàgbé pé láti 1970 ni iṣẹ́ àkànṣe ọlọ́dún mẹ́fà tí Babatúndé Fáfúnwá ṣe aṣáájú rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti ń fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Èdè tí wọ́n fi kọ́ ọmọ ní ìsọdipúpọ̀ kò lè ṣàìtó láti fi yẹ ìsọdipúpọ̀ wò.

Àwíjàre kẹrin ni pé ayé ti kọjá irú àwòṣe yìí, pé àwọn ètò ńlá òde òní kò lo factor mọ́. Ẹ̀yà kan ni òótọ́ nínú èyí, ṣùgbọ́n kò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ìsọdipúpọ̀ àti ìròpọ̀ lórí àtẹ tí wọ́n tò sórí ìlà náà ni ó ṣì wà nínú àwọn ètò ńlá wọ̀nyẹn, àtẹ ibẹ̀ sì pọ̀ ju èyí tí ènìyàn lè fi ojú tọpa rẹ̀ lọ. Ẹni tí kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú olè nínú yàrá kan kò ní mú un nínú ààfin.

Bí Ó Ṣe Yẹ Kí Wọ́n Yẹ̀ Ẹ́ Wò

Ohun àkọ́kọ́ ni àpẹẹrẹ kékeré tí wọ́n ti fi ọwọ́ ṣe tán kí kóòdù tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta tó. Kí gbogbo nọ́ńbà inú rẹ̀ wà lórí bébà, kí orúkọ sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n fi ohun tí kóòdù mú jáde wé e, nọ́ńbà sí nọ́ńbà, orúkọ sí orúkọ.

Ohun kejì ni pé kí nọ́ńbà àpẹẹrẹ má ṣe dọ́gba. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí àpapọ̀ bá ti jẹ́ 1, kò sí àṣìṣe mọ́. Nínú àpẹẹrẹ òkè yìí, àpapọ̀ kóòdù tí ó wọ́ jẹ́ 0.96, nítorí náà ẹni tí ó bá wò ó yóò fura. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé 0.5 àti 0.5 ni wọ́n fún owó àti ọwọ́, àpapọ̀ kóòdù tí ó wọ́ náà yóò jẹ́ 1 géérégé, àṣìṣe yóò sì rọra kọjá. Ohun tí yóò mú un nígbà náà ni kí wọ́n ro factor kejì fún ọ̀rọ̀ kìíní kọ̀ọ̀kan: lábẹ́ owó yóò jẹ́ 0.8, lábẹ́ ọwọ́ yóò jẹ́ 1.2, bẹ́ẹ̀ 1 ni ó yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́. Àyẹ̀wò yìí gbọ́dọ̀ wáyé kí ètò tó fi àpapọ̀ pín àwọn nọ́ńbà náà. Bí wọ́n bá ti pín 0.54 sí 0.96, tí ó di 0.5625, tí ìyókù sì di 0.4375, àpapọ̀ ti di 1, ẹsẹ̀ olè ti parẹ́ nílẹ̀.

Ohun kẹta ni pé kí iye àṣàyàn àwọn oníyípadà yàtọ̀ síra. Nínú NumPy, bí wọ́n bá mú factor kìíní tí ó ní nọ́ńbà méjì, tí wọ́n sọ ọ́ di púpọ̀ lára àtẹ oníméjì-méjì láìsọ ẹ̀gbẹ́ tí ó jẹ́ tirẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ kejì ni yóò lẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kìíní ni ó ni ín. Ọkọ̀ àti ọkọ yóò wá di ọgbọọgba, 0.48 sí 0.48. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi òwò kún owó àti ọwọ́, tí ọ̀rọ̀ kìíní ní àṣàyàn mẹ́ta, tí ọ̀rọ̀ kejì ṣì ní méjì, ìsọdipúpọ̀ òdì yẹn kò ní ṣeé ṣe. Kọ̀ǹpútà yóò ké. Ẹni tí ó gbọ́n a máa ṣètò àyẹ̀wò rẹ̀ kí àṣìṣe má lè dákẹ́.

Ohun kẹrin ni òfin. Bí wọ́n bá yí ipò àtẹ méjì padà nínú ìsọdipúpọ̀, èsì kò gbọdọ̀ yí. Oníyípadà yòówù kí wọ́n kọ́kọ́ rò kúrò, èsì ìkẹyìn kò gbọdọ̀ yí. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá gbẹ́kẹ̀ lé òfin nìkan yóò kábàámọ̀, nítorí kóòdù tí ó ń ka àtẹ sódì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin yóò pa gbogbo òfin wọ̀nyí mọ́. Òfin lè sọ pé ẹlẹ́rìí kò tako ara rẹ̀; kò lè sọ pé kò purọ́.

Ohun karùn-ún wà lọ́wọ́ olùkọ́ èdè pátápátá: orúkọ àwọn àṣàyàn fúnra wọn. Nínú Unicode, ọ̀nà méjì ni lẹ́tà ó lè gbà wọlé. Ó lè wọlé gẹ́gẹ́ bí àmì-kóòdù kan ṣoṣo, ó sì lè wọlé gẹ́gẹ́ bí o tí àmì ohùn òkè tẹ̀lé. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀. Kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n. Bí ìdajì àwọn ìwé tí wọ́n kó jọ bá lo ọ̀nà kìíní, tí ìdajì lo ọ̀nà kejì, owó yóò di ọ̀rọ̀ méjì lójú ètò náà. Nínú àpẹẹrẹ yìí, 0.6 rẹ̀ yóò pín sí 0.3 àti 0.3. Bí ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi kọ ọwọ́, 0.4 rẹ̀ yóò borí àwọn méjèèjì. Ọ̀rọ̀ tí ó pọ̀ jù nínú ìwé ti fìdí rẹmi nítorí bọ́tìnnì tí àwọn atẹ̀wé tẹ̀. Ẹni tí ó bá wo orúkọ àwọn àṣàyàn yóò rí owó lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì béèrè ìdí. Ẹni tí ó bá wo máàkì nìkan kò ní rí i láéláé.

Ohun kẹfà jẹ mọ́ gbólóhùn gígùn. Nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà sábà máa ń lò kò lè kéré ju èyí tí 5 rẹ̀ wà ní nǹkan bí ipò 324 lẹ́yìn pọ́íǹtì. Bí wọ́n bá sọ 0.1 di púpọ̀ lára ara rẹ̀ ní ìgbà 400, òdo ni yóò dà. Gbogbo àṣàyàn yóò di òdo papọ̀, bí wọ́n bá sì ní kí NumPy mú èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, èyí tí ó kọ́kọ́ wà lórí ìlà ni yóò mú. Ìdáhùn yóò jáde bí ẹni pé wọ́n rò ó. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń lo lọ́gárídímù dípò nọ́ńbà gan-an, ìdí sì nìyí tí ó fi yẹ kí àyẹ̀wò ní gbólóhùn kúkúrú àti gbólóhùn gígùn.

Ìkádìí

Ohun tí ó wà nínú ewu kì í ṣe máàkì ètò kan. Ọ̀rọ̀ tí ètò bá fi àmì sí a máa wọ inú ìwé, ìwé a máa wọ inú kíláàsì. Ìwé kan náà lè di ohun tí wọ́n fi kọ́ ètò mìíràn ní Yorùbá lọ́la. Àṣìṣe tí kò ké lónìí yóò di ẹ̀rí lọ́la, ẹni tí ó bá sì sọ pé ọwọ́ ni kì í ṣe owó yóò di ẹni tí wọ́n ń fi ìwé já ní koro.

Nítorí náà, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ èdè kankan kò gbọdọ̀ gba ètò tí ó ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ wọlé láìsí ewé bébà tí ó ń bá a rìn, tí àpẹẹrẹ kékeré wà lórí rẹ̀, tí olùkọ́ èdè fi ọwọ́ ṣe é, tí orúkọ àti nọ́ńbà sì pé síbẹ̀. Kí onímọ̀ kọ̀ǹpútà fi kóòdù rẹ̀ dé ìdáhùn orí bébà náà kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ máàkì. Bí kò bá lè dé e, kí ó padà lọ wá ibi tí orúkọ ti já. Bí olùkọ́ èdè kò bá lè ṣe ewé bébà náà, kí ó má ṣe bu ọwọ́ lu ètò tí kò lè yẹ̀ wò.